Bí A Ṣe Ń Bá Aláǹtakùn Ńlá Gbé Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gbé ìgò ọ̀tápíàpíà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Aláǹtakùn tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ta òwú sáàárín igi ọsàn àti fẹ́ǹsì yín, kò bá tiyín wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ewúro àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Odógúnyán, níbí ní Ìkòròdú. Èmi àti àwọn aláǹtakùn yìí la jọ ń gbé ibẹ̀, ojú àwọn ayálégbé mi náà sì ti ń mọ́ ọn, àyàfi Ìyá Ìbejì tó ṣì ń sọ pé wọ́n rán an sí òun ni. Mo ní kí ló dé tí wọn ò rán èyí tó mọ ẹsẹ̀ ẹ́ rìn, tó fi jẹ́ èyí tó jókòó sójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ wò ó dáadáa. Abo ni èyí tó ń dẹ́rù bani yẹn. Ara rẹ̀ gùn, àmì ìyeyè yí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú ká, ó sì máa ń dorí kodò sáàárín òwú. Bí oòrùn àárọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ẹ sún mọ́ ọn: ẹ ó rí i pé òwú náà kì í ṣe funfun, ìyeyè tó ń dán ni. Ẹ ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíńtín báyìí, tó ṣe pupa rúsúrúsú. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ o, ọkọ rẹ̀ ni. Àwọn wínniwínni aláwọ̀ fàdákà tún lè wà létí òwú. Olè ni àwọn yẹn, ẹran tí ìyá onílé bá mú ni wọ́n ń jí jẹ.

Trichonephila senegalensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò bá ọkọ̀ ojú omi kankan wọ̀lú. Ìbátan rẹ̀ ló lọ ṣàtìpó níbòmíràn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé nítòsí Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, kò lè jáde sẹ́yìn ilé mọ́ nítorí rẹ̀. Joro ni wọ́n ń pe tiwọn. Láti ìhà Japan, Kòríà àti Ṣáínà ló ti wá, wọ́n sì gbà pé inú kọ̀ńténà ẹrù ló bá débẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni wọ́n dá a mọ̀ ní Georgia, ó sì ti ń tàn kálẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹsẹ̀ abo lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, òwú rẹ̀ sì lè tó mítà mẹ́ta ní fífẹ̀. Síbẹ̀ ojo ni. Ní Yunifásítì Georgia, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i lára láti dán an wò. Àwọn aláǹtakùn mìíràn dúró díẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n Joro kò mira fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Mo ní kí àbúrò mi kà á, ó ní òun kò bá aláǹtakùn dán nǹkan kan wò.

Ọ̀rọ̀ ààlà ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà bóhóòlù, ọ̀nà ṣálángá àti ibi okùn aṣọ, tiwa ni. Igun fẹ́ǹsì àti òkè igi ọsàn, tiwọn ni. Èyí tó bá ré ààlà kọjá, ẹ ó kó o lọ.

Ọ̀pá ìnulẹ̀ ni mo máa ń lò. Ẹ wá okùn tó nípọn jù lókè òwú náà, ibẹ̀ ló so gbogbo ilé rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹ fi orí ọ̀pá kan án, kí ẹ máa ká òwú náà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Yóò sá gun ọ̀pá. Ẹ má ju ọ̀pá nù! Bó bá ń gùn bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ yí ọ̀pá po kí orí tó wà wá di ìdí, kí ó tún máa gùn lọ sí òkè. Ẹ rìn lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, ẹ fi ọ̀pá ti ẹ̀ka igi, ẹ fi í sílẹ̀. Yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kì í fi ọwọ́ lásán mú un, mi ò sì gba ọmọ kankan láyè.

Ẹni tó kàn fi ọwọ̀ gbá òwú dànù, tí kò gbé onílé kúrò, yóò tún bá a níbẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó kan okùn aṣọ, kò ní rí ibi so okùn àkọ́kọ́ mọ́. Ẹ pa gílóòbù ìta bí ẹ ò bá lò ó, torí kòkòrò tí iná ń pè ni aláǹtakùn ń tẹ̀ lé wá. (Iná tí kì í sábà wà ń bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.) Bí ẹ bá ń lọ sẹ́yìn ilé lóru, ẹ na igi síwájú. Àwọn àgbà ní aláǹtakùn bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára; èyí tí mo mọ̀ kì í wá ẹnikẹ́ni kiri, àwa là ń forí wọ ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń wá àtìpó tòótọ́, ẹ wo ògiri yàrá ìdáná. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń sáré bí ẹ bá tan iná, kì í ta òwú ẹ̀bìtì. Heteropoda venatoria ni àwọn onímọ̀ ń pè é, Éṣíà ni wọ́n sì gbà pé ó ti wá; inú ẹrù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bá kárí ilẹ̀ olóoru gbogbo. Aáyán ló ń jẹ. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ fi abọ́ bò ó, ẹ ti páálí sábẹ́, ó di ìta.

Ọ̀tápíàpíà ńkọ́? Àwọn ọmọ, adìẹ àti ewúro tí à ń fọwọ́ já ló máa kọ́kọ́ kàn. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi dá títa ìgò kékeré dichlorvos, oògùn kòkòrò tó sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíàpíà, dúró lọ́jà ní 2019.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Georgia, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀, torí níbi tí Joro bá ti pọ̀, aláǹtakùn ìbílẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó bá pa á kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé òun ni: ìbátan rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní irun tó ṣùjọ lẹ́sẹ̀, Joro kò ní in. Òtútù máa ń pa àwọn àgbà. Ẹyin ló ń kù, àpò kan sì lè ní tó 400 sí 500. Ẹ ha àpò náà sínú omi ọṣẹ nígbà òtútù. Ọmọ wínniwínni ló ń fi òwú bá afẹ́fẹ́ lọ, àgbà kì í fò. Ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ àti ìkòkò òdòdó wò kí ẹ tó rìnrìn àjò, torí ó ń bá ọkọ̀ lọ.

Bí aláǹtakùn yìí, tiwa tàbí Joro, bá gé èèyàn jẹ, èyí tó ṣọ̀wọ́n, oró rẹ̀ kò lágbára sí wa. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi omi tútù lé e. Bí ara bá wú ju bó ṣe yẹ, tàbí tí mímí bá nira, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo.