Bí mo ṣe wá iye tí Thriller tà gan-an

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tá a ní ní Kubwa níbí máa ń ṣe kúìsì lọ́jọ́ ìpàdé ọlọ́dọọdún, tòbí tọmọ ló ń jókòó sí i, èmi ni wọ́n wá gbé bébà ìbéèrè apá orin fún lọ́tẹ̀ yìí pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó wà lókè pátápátá ni pé àwo orin wo ló tà jù láyé, mílíọ̀nù mélòó ló sì tà. Ìdáhùn tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀: Thriller, Michael Jackson, 120 mílíọ̀nù. Mo bi Alága wa pé níbo ni wọ́n ti rí 120, wọ́n ní "Àbúrò, ta ni ò mọ̀ yẹn?" Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Mo bá ra dátà.

Àwọn tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Òpin November 1982 ló jáde, iléeṣẹ́ Epic ló gbé e jáde, Quincy Jones ló bá a ṣe é, orin mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀ (bébà ní mẹ́wàá, mo fagi lé e), méje nínú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, méjèèje ló sì wọ Top 10 ti Billboard, ìyẹn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń to orin àti àwo sípò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bébà tún ní ó ṣe nọ́ḿbà wán fún ọ̀sẹ̀ 37 "láìdúró". Ọ̀sẹ̀ 37 yẹn dájú, àmọ́ lápapọ̀ ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 1983 sí 1984 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe òun ló pẹ́ jù lókè níbẹ̀, àwo orin sinimá West Side Story lo ọ̀sẹ̀ 54 láyé 1962 sí 1963.

Ti Grammy dùn mọ́ mi gan-an. Bébà ní àwo yìí gba Grammy 8, mo sì fẹ́ kọjá lórí ẹ̀ torí gbogbo ibi tí mo yà ni 8 wà. Mo ṣáà ní kí n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Michael gba 8 lálẹ́ ọjọ́ yẹn lóòótọ́, February 28, 1984, àmọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ ò kan Thriller rárá, rẹ́kọ́ọ̀dù ìtàn sinimá E.T. tó kà fáwọn ọmọdé ni wọ́n torí ẹ̀ fún un. Ó ku 7. Ẹ má tíì pariwo o, torí Bruce Swedien, ẹnjiníà tó gba ohùn àwo náà sílẹ̀, gba tiẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà lórí Thriller yìí kan náà, ni àwo bá padà sí 8. Ọkùnrin yẹn ní 8, àwo ẹ̀ ní 8, àmọ́ 8 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn kọ àlàyé kékeré sábẹ́ ẹ̀ fún ẹni tó máa ṣe adájọ́, torí mo mọ àwọn èèyàn wa.

Iye tó tà ló wá di wàhálà. Ẹ rí i, nígbà tí àwo yẹn jáde, kò sí ẹ̀rọ kankan ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń tà á, 1991 ni SoundScan tó bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ṣáájú ìgbà yẹn ńṣe ni Billboard ń bi àwọn onísọ́ọ̀bù pé kí ló ń tà, onísọ́ọ̀bù á sọ ohun tó bá wù ú. Ohun tá a wá ní lọ́wọ́ fún ayé ìgbà yẹn ni ti RIAA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fúnni ní gold fún 500,000 àti platinum fún mílíọ̀nù kan. Orí wẹ́ẹ̀bù wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa tẹ orúkọ olórin síbẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo nǹkan tí wọ́n ń kà. Ọjà tí iléeṣẹ́ kó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tí èèyàn fowó rà lórí káńtà. Iléeṣẹ́ náà ló sì máa fúnra ẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ka tòun, ó máa sanwó ẹ̀, tí kò bá wá, àwo ẹ̀ á jókòó sójú kan fún ogún ọdún. Láti 2016 ni wọ́n tún ti ń ka gbígbọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, tí àwọn èèyàn bá gbọ́ orin inú ẹ̀ nígbà 1,500, wọ́n á kà á sí àwo kan.

Ìdí nìyẹn tí Thriller fi wà ní platinum 30 ní December 2015, tó fò sí 33 ní February 2017, tó wá di 34 ní August 2021. Ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà kàn tún sáré lọ ra síídì Michael ni? Rárá o, ìlànà kíkà ló yí padà.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí mo rí i pé l'Amẹ́ríkà, Thriller gan-an kọ́ ló wà lókè nínú ìwé RIAA. Àkójọ orin Eagles, èyí tí wọ́n pè ní Their Greatest Hits 1971–1975, fò láti platinum 29 bọ́ sí 38 ní August 2018, torí pé láti 2006 ni wọn ò ti kà á mọ́. Mo pe Alága. Wọ́n ní "Eagles? Super Eagles kọrin?" Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní rárá sà, ẹgbẹ́ olórin òyìnbó ni wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣì fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ti gbogbo àgbáyé ni kò ní ìdí kankan tó ṣe é gbá mú. Guinness, ìwé tó ń kọ àwọn ohun tó ta yọ jù láyé sílẹ̀, ní 67 mílíọ̀nù, àwọn kan ní 70, Sony tó ni ọjà ń pariwo pé ó lé ní 100 mílíọ̀nù, ta ni kì í sì í yin ọjà ara ẹ̀? Kò sẹ́ni tó kó ìwé gbogbo ilẹ̀ jọ kà. 120 yẹn ní tiẹ̀, orí fídíò àwọn èèyàn nìkan ni mo ti rí i.

Ẹ tún wá wo tiwa níbí. Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó gbé Ìlọrin rí tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, Kánò ló dàgbà sí. Ó ní ní Kofar Wambai, kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó kan ni wọ́n á ní, òun ni wọ́n á máa dà sínú òmíràn, wọ́n á tún da ìyẹn sínú òmíràn, títí ohùn Michael á fi máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, èèyàn á sì tún rà á. Ó ní páálí ẹ̀ gan-an, fọ́tò tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ ni, dúdú àti funfun. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni kọ ìyẹn sí.

Bí mo ṣe wá tún bébà náà kọ rèé: mo yọ mílíọ̀nù kúrò nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n kàn dárúkọ àwo tó tà jù lágbàáyé, torí orúkọ yẹn ò ní àríyànjiyàn kankan láàárín Guinness àti Sony. Mo wá fi ọ̀tọ̀ béèrè pé platinum mélòó ni RIAA kọ fún un ní 2021. Mo tún fi ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, pé "mama-ko-sa" tó wà nínú orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, ọwọ́ ta ló ti wá: Manu Dibango ará Kamẹrúùnù ni, láti inú Soul Makossa tó ṣe ní 1972. Alága fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ yàtọ̀ sí Eagles, wọ́n ní ká fi ìyẹn pamọ́ de ìgbà tí àwọn méjì bá ta ọ̀mì.