Ohun Tí Ojú Mi Rí Nígbà Tí Mo Ń Kó Ìtàn Hẹlikọ́pítà Mi-1 Jọ

Owó tí mo san fún àwòrán ni ó dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ìwé pélébé kan ni mo ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lórí Mi-1, hẹlikọ́pítà kékeré tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu. Mo ra àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìfiránṣẹ́ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà. Nígbà tí mo tú ẹrù náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe Mi-1, bẹ́ẹ̀ Mi-1 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà títí. Kò dá mi lóhùn, kò sì dá owó mi padà.

Ìtàn fúnra rẹ̀ kò ṣòro kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n fi Mikhail Mil ṣe olórí ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe hẹlikọ́pítà; nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, èyí àkọ́kọ́ ti gbéra nílẹ̀.

Yíya àwòrán sọ́tọ̀ ni ó dá mi dúró. Ti Mi-2, hẹlikọ́pítà mìíràn láti ilé iṣẹ́ Mil, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1961, rọrùn láti dá mọ̀: ẹ́ńjìnì tọ́báìnì méjì ló wà lórí rẹ̀, ẹnu wọn sì là sílẹ̀ níwájú bí ihò imú. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo tí ń lo bẹntiróòlù ni Mi-1 ní, AI-26V, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 575, ẹ̀yìn ibi tí èèyàn ń jókòó sí ni ó sì wà. Abẹ̀bẹ̀ ìrù Mi-1 ní apá mẹ́ta. Ti Mi-2 ní méjì.

SM-1 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mi-1 gan-an ni, àwọn ará Pólàńdì ni wọ́n ń ṣe é ní Świdnik pẹ̀lú àṣẹ Sófíẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Mo ní láti mú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí n máa wá àmì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìràwọ̀ pupa tàbí CCCP fún ti Sófíẹ́ẹ̀tì, SP tàbí igun mẹ́rin pupa àti funfun fún ti Pólàńdì. Àwọn àwòrán kan ti ṣú débi pé lẹ́tà kan kò hàn, mo sì kó wọn tì pẹ̀lú ìbínú, nítorí owó ni mo fi rà wọ́n.

Ibi tí mo fi ń yangàn nínú ìwé náà ni ojú ewé tí mo kọ nípa Matvei Baikalov, awakọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé Mi-1 fò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1949, ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí abẹ̀bẹ̀ ìrù Mi-1 kejì tí wọ́n ṣe ṣẹ́, hẹlikọ́pítà náà já lulẹ̀, ó sì pa á. Mo ya ọ̀pá náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ṣàlàyé pé bí abẹ̀bẹ̀ ìrù bá dákẹ́, ara hẹlikọ́pítà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lódì sí abẹ̀bẹ̀ orí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe kí wọ́n tó gbà á fún iṣẹ́, tí ó fi di ohun tí wọ́n fi ń gbé lẹ́tà àti aláìsàn, tí wọ́n sì fi ń fín oògùn sí oko.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìrù àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ hàn án ketekete kí ó tó sanwó.