Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọmọ Ajá tí Ìtọ̀ Ń Kán Lára Rẹ̀ Láti Ìgbà Ìbí

Bí ibi tí abo ọmọ ajá sùn sí bá ń tutù lójoojúmọ́, tí irun ẹ̀yìn itan rẹ̀ kò gbẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe nà án. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sin ajá láti fi ṣọ́ ilé ní Ìlọrin máa ń pè é ní àìgbẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ àbùkù ìbí ló sábà máa ń jẹ́.

Láti inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gbé ìtọ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀. Nínú irú ajá bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì, tàbí méjèèjì pàápàá, kọjá ibi tó yẹ kí ó ṣí sí, ó sì lọ ṣí sí ìsàlẹ̀, tí ìtọ̀ kò fi ní ibi tí yóò dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ajá náà ṣì lè máa tọ̀ bí àwọn yòókù. Golden Retriever, Labrador àti Siberian Husky wà lára àwọn ẹ̀yà tó ń ní in.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kò gbọdọ̀ gba ìtọ̀ sínú ìgò láti ilé, nítorí pé ooru ọ̀nà yóò mú kí kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fà á láti inú àpò ìtọ̀ gan-an. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi oògùn pa á ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì ya àwòrán kíndìnrín méjèèjì, nítorí àwòrán yìí ló ń pinnu irú abẹ tí wọn yóò lò.

Lára ọ̀pọ̀ ajá, ọ̀nà náà máa ń gba inú ògiri àpò ìtọ̀ kọjá. Dókítà yóò la àpò náà, yóò dá ojú tuntun sí i nínú rẹ̀, yóò sì dí ìyókù pa. Bí kò bá kan àpò náà rárá, wọn yóò gé ọ̀nà náà, wọn yóò sì rán an mọ́ àpò ìtọ̀. Bí kíndìnrín kan bá ti bàjẹ́ pátápátá, wọ́n lè yọ ọ́, bí èkejì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn abẹ, ẹ má jẹ́ kí ó sáré tàbí kí ó lá ojú ọgbẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fún ara rẹ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, tàbí tí ó ń bì, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí wíwú lè dí ọ̀nà náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé lára ọ̀pọ̀ ajá, ìtọ̀ ṣì máa ń kán díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn abẹ, torí pé iṣan tó ń pa ẹnu àpò ìtọ̀ dé kò lágbára. Dókítà lè fún un ní phenylpropanolamine, oògùn tó ń mú kí iṣan náà le sí i, fún èyí. Ní tiyín, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ itan rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ, kí ìtọ̀ má baà bó o lára.