Bí A Ṣe Ń Ra Ìnṣọ́ránsì fún Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin ní Àgbádárìgì

Ẹ dé etíkun Àgbádárìgì lọ́jọ́ ọdún, ẹ ó rí wọn: alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, táyà wọn wú bí ìlù, wọ́n ń ta yanrìn sí aláìṣẹ̀ lára. Kúọ́ọ̀dù ni àwọn ọmọ etíkun ń pè é. Èmi náà ní ọ̀kan. Ìnṣọ́ránsì tí mo kọ́kọ́ ra fún un kò ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀, ẹ̀bi tèmi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ adójútòfò kankan, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ náà ń dé àti iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀. Tèmi, ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn. Píkọ́ọ̀pù ló ń gbé e dé Marina Àgbádárìgì, ọkọ̀ ojú omi á gbé e sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ibẹ̀ la ti ń gùn ún nínú yanrìn títí dé ẹnu òkun. Ìnṣọ́ránsì third party tí òfin fi dandan lé wa lọ́wọ́, ọkọ̀ tó ń rìn lórí títì ló ń bá wí, ara ẹlòmíì àti dúkìá ẹlòmíì nìkan ló sì wà fún. Yanrìn kì í ṣe títì. Tí ọkọ̀ ojú omi bá dojú dé tòun ti kúọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ẹrù ti dé nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ alùpùpù mọ́. Ìnṣọ́ránsì ẹrù tó wà lójú ọ̀nà ni kí ẹ bèèrè fún ìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ tó ń ṣe, ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìlò ara mi ni. Lọ́dún Àjíǹde kan, mi ò sí nílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò tó fẹ́ gùn ún. Ọ̀kan nínú wọn wà á wọ inú ìgbì, ẹ́ńjìnnì mu omi òkun yó. Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ náà rán wá yẹ̀ ẹ́ wò kò pariwo rárá. Ó ṣí ìjókòó, ó fi èékánná ha iyọ̀ funfun lára irin, ó wá ní, “Bọ̀dá, ta ló wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?” Kí n tó la ẹnu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn: “Kọ́sítọ́mà ni, sà.” Wọn ò san kọ́bọ̀. Mo bínú nígbà náà, àmọ́ wọn ò ṣẹ̀ mí. Tí ẹ bá máa gba owó lórí rẹ̀, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ kọ ọ́ pé ti háyà ni. Owó rẹ̀ á ga sí i. Ẹ san án.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìwé jọ: rìsíìtì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà ṣásì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn yanrìn kúrò lára nọ́ńbà ṣásì kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti sọ third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni di N15,000, dúkìá ẹlòmíì tó bá bàjẹ́ yóò sì gba tó N3 mílíọ̀nù. Ti alùpùpù jẹ́ N3,000, N1 mílíọ̀nù sì ni òpin tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè abẹ́ èwo ni wọ́n fẹ́ kọ kúọ́ọ̀dù yín sí. Ìnṣọ́ránsì comprehensive ló ń tún tiyín ṣe, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ bá pe ọkọ̀ náà. Èyí tí ẹ pè ní N2.5 mílíọ̀nù, N125,000 ló kéré jù. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é ní N40,000, ẹ yáa sá fún un. Ẹ má sì bu iye kún un: iye tó ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ ìjàǹbá ni wọ́n sábà máa ń wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n láwọn ìbéèrè yìí, kí wọ́n sì fi ìwé dáhùn: Tí omi òkun bá ba ọkọ̀ jẹ́, ṣé ẹ ó san án? Ìkún omi ńkọ́? Tí wọ́n bá jí i gbé létíkun lóru? Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá gùn ún? Èló ni èmi fúnra mi á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀? Eré ìje, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á. Ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún tó bá kán, ìnṣọ́ránsì ìjàǹbá ara ẹni ni ẹ máa rà fún un lọ́tọ̀.

Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí. Láti ọdún 2013, bí owó kò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá yẹ ìwé yín wò lórí askniid.org, ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò kí ìgbì tó nu ojú táyà. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì tó mu omi. Ẹ má sọ pé “èmi ni mo jẹ̀bi,” ẹ má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá ló kàn, kí ẹ wá pe ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré lórí kíléèmù, ìyẹn owó ìjàǹbá tó tọ́ sí yín, ẹ kọ̀wé sí NAICOM.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, á kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti aago síbẹ̀, á sì fọwọ́ sí i. Yanrìn ti kún inú ìwé náà, àmọ́ ó ṣeé kà.