Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹ̀ka méjì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ mi níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, ni pé mò ń bá ẹ̀ka kan ní yunifásítì ṣe ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kàwé fún sẹ́mẹ́sítà kan ní Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ tọ̀hún náà ń wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn èèyàn máa ń pè mí láti Kétu, láti Ṣábẹ̀, àwọn kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ tó ti dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ẹ̀ka wa àti ọ̀gá ẹ̀ka tọ̀hún ti jọ fọwọ́ síwèé, àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ wa débẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n san owó àwọn àjèjì. Kí ló fà á?

Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó ni. Àbúrò, ọ̀gá ẹ̀ka ò lágbára láti ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó ní yunifásítì, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ wa ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Rẹ́kítọ̀ ló ń fọwọ́ sí i níbí, Vice-Chancellor ló ń fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún, ìyẹn ni ìwé ńlá, ẹ̀ka á wá fi ìwé tiẹ̀ tì í lẹ́yìn. Nínú ìwé ńlá yẹn ni kó ti hàn kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ máa san owó ẹ̀ sí ilé-ìwé tó ti wá, pé ilé-ìwé tó gbà á ò ní gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì, kí ẹnì kan gbé e fún akápò àti àwọn tó ń bójú tó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kó dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fòǹtẹ̀ lù ú pé àwọn ti rí i. Kí wọ́n sì kọ ọmọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá fún sẹ́mẹ́sítà kan, kì í ṣe ẹni tó wá gba dìgírì, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, torí tí kò bá ní nọ́ńbà, máàkì ẹ̀ ò ní rí ibi wọlé sí.

Ìbéèrè: Ọmọ wa yege gbogbo ìdánwò tó ṣe lọ́hùn-ún, ó padà dé, wọ́n ní sẹ́mẹ́sítà ẹ̀ ò pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọdún àkọ́kọ́ tá a bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan dé láti ọ̀hún, ó gbé àpò-ìwé kan wá síwájú tábìlì mi, òǹtẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, kò tíì tú u, ẹ̀rín ló ń rín. Mo tú u, A mẹ́ta, B méjì, C kan, kọ́ọ̀sì mẹ́fà, yúníìtì 18. A jọ gbé e lọ sí sẹ́kírétárì. Ẹni tó wà níbẹ̀ fi bíìkì ka àwọn nọ́ńbà náà látòkè dé ìsàlẹ̀, ó kọ 18 sínú àpótí kékeré kan, ó kọ 30 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò, ó wá fi pupa kọ 12, ó ní kírẹ́díìtì 12 ló kù. Ọmọ yẹn ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo 12 yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣe èyí tó kù. Àwa la jẹ̀bi, a rán an lọ láì kọ ohun tí wọ́n máa kà fún un sílẹ̀.

Bó ṣe rí rèé. Lọ́dọ̀ wa tí à ń lo LMD (ètò oyè licence, master àti doctorat), èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA (àwọn tó jọ ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) fọwọ́ sí ní 2007, sẹ́mẹ́sítà kan jẹ́ kírẹ́díìtì 30, ọdún kan 60, oyè ọdún mẹ́ta tí à ń pè ní licence sì jẹ́ 180, kírẹ́díìtì yẹn sì ka iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ṣe nílé mọ́ ọn. Ní Nàìjíríà, yúníìtì kan jẹ́ wákàtí 15 tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ní kíláàsì láàárín sẹ́mẹ́sítà, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ó lè di 45, akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbé láti 15 dé 24 ní sẹ́mẹ́sítà kan. Nítorí náà yúníìtì 18 àti kírẹ́díìtì 30 lè jẹ́ ẹrù kan náà, ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ẹ wo iye tí ẹ̀ka tọ̀hún ń gbé ní ìpele yẹn, tó bá jẹ́ 18, kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́fà 30 sì ni 5, kírẹ́díìtì 5 lẹ máa kọ fún un nìyẹn.

Kí ọmọ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe ìgbà tó bá dé. Ojú ìwé kan péré ni, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún lápá kan, èyí tó máa dúró fún nílé lápá kejì, ọmọ náà fọwọ́ sí i, olùkọ́ méjèèjì fọwọ́ sí i. Tó bá débẹ̀ tí kọ́ọ̀sì kan ò sí mọ́, kó kọ̀wé sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Láti ìgbà tá a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì kọ pupa sórí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Máàkì ńkọ́? Ṣé ká kàn fi 5 sọ 20 tiwa di 100 tiwọn?

Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó gba 13 nínú 20 lọ́dọ̀ wa lè jẹ́ òun ló ṣe ipò kìíní ní kíláàsì, torí àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àwọn Faransé kì í fẹ́ fún èèyàn ní 16, 17. Ẹ bá fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 65, B nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé A bẹ̀rẹ̀ láti 70. Ẹ tún wò ó láti ọ̀hún wá: 45 jẹ́ D níbẹ̀, ọmọ yẹn yege, ẹ bá fi 5 pín in ó di 9, ó sì fìdí rẹmi lọ́dọ̀ wa tí 10 jẹ́ àlà. Ẹ kó èsì ọdún mẹ́ta ẹ̀ka méjèèjì jáde, ẹ wo ibi táwọn ọmọ tó wà lókè bọ́ sí níbí àti níbẹ̀, ẹ wo àwọn tó wà láàárín, ẹ fi ìyẹn ṣe tábìlì kẹ́ ẹ so ó mọ́ àdéhùn. Olùkọ́ méjì lè jókòó ṣe é tán ní ọ̀sán kan.

Ìbéèrè: Ọdún kẹta rèé, àwọn tiwa mẹ́sàn-án ló ti lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ti ń dijú mọ́ wa.

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dijú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń gbàlejò tí kì í gbowó, òun ló ń gbé ẹrù náà. Nílé mi níbí mo ní káyé (ìwé àkọsílẹ̀) kan, mo fa ilà sí i láàárín, "lọ" lápá òsì, "wá" lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ṣe ọdún kan gbáko, mo kà á sí méjì, ẹni tó ṣe sẹ́mẹ́sítà kan jẹ́ ọ̀kan. Ní òpin ọdún, a máa ń fi ṣọwọ́ sí ara wa, àwọn náà á fọwọ́ sí i. Kò pọn dandan kó dọ́gba lọ́dọọdún, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi ṣe gbèdéke, àmọ́ tí ìyàtọ̀ bá ti dé mẹ́ta kẹ́ ẹ dúró ná, ẹ má rán ẹlòmíì lọ.

Kí ló dé tí wọn kì í wá? Faransé ni. Lọ́jà Wàǹdó, ọmọ Ìbàdàn á ná ata pẹ̀lú Yorùbá ẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ, ó tún lè gbà pé kò kúrò nílé, ṣùgbọ́n tó bá wọ kíláàsì, Faransé ni olùkọ́ ń sọ láti aago mẹ́jọ. Ẹ gbà kó kọ ìjábọ̀ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fún un ní kọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu tí yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn wà lẹ́yìnkùlé yín, oko ò nílò Faransé púpọ̀, irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta láti 1988, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tó yọ wá gan-an ni pé a jáwọ́ nínú kó jẹ́ ẹ̀ka kan náà sí ẹ̀ka kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní Nàìjíríà nílò ibi tí wọ́n á ti máa gbọ́ Faransé lójoojúmọ́, kódà torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Ajárá, ní Àgbádárìgì, ní 1991. Irú wọn ló fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, àwọn tiwa tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé ńlá sọ pé yunifásítì méjèèjì lẹ ó máa ka iye èèyàn sí, kì í ṣe ẹ̀ka, ẹ ó rí i pé apá òsì àti apá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kó tó ṣẹlẹ̀. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, ọmọ tó bá wà níbẹ̀ lásìkò yẹn ò lè máa wo òrùlé. Tiwa ni pé tí ilé-ìwé bá ti tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ á padà, àá fún un láyè láti wọ kíláàsì nílé, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Ìbéèrè: Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu: ọmọ mi fẹ́ lọ, ẹ̀rù ẹnubodè àti ibi tó máa sùn ló ń bà mí.

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Mama. Ẹ̀rù yín ò já sásán, ẹ rántí pé wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020, àmọ́ Ìdí-Ìrókò tí àwa ará Àjàṣẹ́ ń gbà dúró di 2022. Ọmọ orílẹ̀-èdè CEDEAO (èyí tí wọ́n ń pè ní ECOWAS ní Nàìjíríà) lè gbé 90 ọjọ́ láì gba físà, sẹ́mẹ́sítà kan sì máa ń ju 90 ọjọ́ lọ, nítorí náà kí ẹ̀ka tó gbà á bá a wá ìwé ìgbélùú kó tó pé oṣù mẹ́ta, kó má dúró di ọjọ́ tó fẹ́ padà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá wọn dúró. Kó ní lẹ́tà ilé-ìwé méjèèjì lọ́wọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé.

Ní ti ibùsùn, ohun tá à ń ṣe ni pé yàrá tí ọmọ tiwa fi sílẹ̀ níbí ni ọmọ tiwọn ń wọ̀, tí tiwọn náà á sì fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún tiwa. A kì í kọ iye owó sínú àdéhùn rárá, torí náírà àti sẹ́fà kì í dúró sójú kan fún ara wọn, bẹ́ẹ̀dì kan fún bẹ́ẹ̀dì kan la kọ. Kí ẹ béèrè nọ́ńbà olùkọ́ tó máa gbà á lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ pè é fúnra yín kí ọmọ tó gbéra, tí kò bá gbé fóònù nígbà mẹ́ta, ẹ ní kí ọmọ dúró ná.

Ìbéèrè: Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, mo wà ní Nàìjíríà báyìí, mò ń kọ́ èdè Yorùbá. Olùkọ́ fi pupa fa ilà sábẹ́ gbogbo ohun tí mo kọ.

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ò kọ ọ́ dà rú. Bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé lo ṣe kọ ọ́, kpɛ́kpɛ́yɛ, ishɛ́, ɔ̀nà, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn, láti 1975 ló ti wà, wọ́n tún un ṣe ní 1990. Tọ̀hún ń kọ pẹ́pẹ́yẹ, iṣẹ́, ọ̀nà. Kọ tiwọn síwájú olùkọ́ náà báyìí, kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ tó o máa pààrọ̀, kp di p, sh di ṣ, ɛ di ẹ, ɔ di ọ. Àwa ló yẹ ká ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i ṣáájú ẹ. Ya àwòrán ìdánwò yẹn sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ òní, èmi fúnra mi á kọ̀wé sí i kó tó fi máàkì náà sílẹ̀.