Gìtá iná tí a fọwọ́ ara wa tò: dáì tí kò mú, òróró tí kò gbẹ, àtàwọn ìbéèrè míì

Àwọn tó ra kíìtì gìtá iná ló ń béèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ mi, ìyẹn gìtá tó máa ń dé nínú páálí, bọ́dì lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, wáyà àti ṣúkúrù nínú ọ̀rá, tí wọ́n wá fẹ́ fi dáì àti òróró parí ẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà mọ́tò. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí irú wọn, torí gìtá tí wọ́n bá fi òróró pa dáadáa, téèyàn bá gbé e lé itan, ó máa mọ̀ pé igi lòún gbé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bọ́dì gìtá mi jẹ́ igi basswood, wọ́n wá lẹ igi maple pẹlẹbẹ tó ní ìlà ìlà mọ́ ọn lójú. Mo po dáì búlúù mọ́ omi, mo fi àkísà pa á, ó mú gbogbo ibi àfi etí ẹ̀ àti àyíká ibi tí ọrùn ń wọ̀, ibẹ̀ kàn funfun sílẹ̀ ni. Mo tún pa á, kò yí padà. Àbí dáì yẹn ni ò dáa?

Ìdáhùn: Dáì ẹ ò ṣe nǹkan kan. Gọ́ọ̀mù ni. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ maple yẹn máa ń yọ jáde létí, ẹni tó ń ṣe é á fi àkísà nù ún kúrò, èyí tó kù á wọnú igi, á gbẹ síbẹ̀, ojú ò sì ní rí i mọ́ títí ọjọ́ tí dáì bá kàn án. Àwọn kíìtì míì tún wà tó jẹ́ pé wọ́n ti fọ́n sanding sealer, ìyẹn ohun tó ń dí ihò ara igi, fẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo ara ẹ̀ kí wọ́n tó dì í, wọn ò sì ní kọ ọ́ síbì kankan. Níbi tí gọ́ọ̀mù tàbí sealer bá wà, omi ò lè wọlé, dáì tó wà nínú omi náà ò lè wọlé, kódà kí o máa pa á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Jẹ́ kó gbẹ dáadáa ná. Mú àkísà tó mọ́, fi white spirit, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, rin ín, kí o fi nu gbogbo ojú gìtá yẹn kí o sì tètè wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Igi tí kò ní nǹkan kan lára máa dúdú sí i fúngbà díẹ̀, ibi tí gọ́ọ̀mù wà ò ní dúdú. Fi pẹ́ńsù yí i ká fẹ́ẹ́rẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápíńtà ń lò máa ń rọ̀ tó bá rí omi gbígbóná, torí náà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi gbígbóná díẹ̀ rin ín, fi bíléèdì há a, tó bá gbẹ kí o wá fi sáńpépà 220 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó) lọ̀ ọ́ bí ìlà igi yẹn ṣe ń lọ. Ọwọ́ ni kí o fi lọ̀ ọ́ o, má gbé máṣíìnì sí i rárá. Maple tó wà lójú yẹn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì mìlímítà péré, tí o bá lọ̀ ọ́ dé basswood tó wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a padà. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn fi white spirit yẹ gìtá wò kí dáì kankan tó kàn án.

Tí etí ẹ̀ bá wá kọ̀ jálẹ̀, po búlúù tó dúdú gan-an tàbí dúdú gangan, fi yí etí gìtá yẹn ká, kí o máa fi àkísà tútù fà á wọ àárín díẹ̀díẹ̀. Sunburst nìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ gìtá ńláńlá ti ń ṣe é tipẹ́, ó sì ń bo àṣírí etí dáadáa.

Ìbéèrè: Ojú ti dáa, ẹ ṣeun. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ó rí bí ara ẹni tí làpálàpá mú, ibi tí gìtá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ wá dúdú kirikiri.

Ìdáhùn: Bí basswood ṣe ń ṣe nìyẹn. Igi rírọ̀ ni, ara ẹ̀ ò dọ́gba, ibì kan á mu dáì yó, ibì kan á kàn tọ́ ọ wò. Ibi tó dúdú kirikiri yẹn sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti gé igi ní ìdábùú, ẹnu àwọn ihò tí igi fi ń fa omi nígbà tó ṣì wà láàyè ló kọjú síta níbẹ̀, ó dájú pé á mu ju ibòmíì lọ. Ẹni tí ò tíì bẹ̀rẹ̀, kó fi omi rin igi ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí irun ara ẹ̀ dìde, tó bá gbẹ kó fi 320 gé e, kó wá lọ ẹ̀gbẹ́ débi 400 kí ihò ẹ̀ lè kéré sí i, kó sì máa pa dáì tó fúyẹ́ léraléra dípò èyí tó ki lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Shellac, irú fáníìṣì kan, tí wọ́n fi spírítì là dáadáa náà máa ń jẹ́ kó dọ́gba tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ tó bá jẹ́ spírítì ni dáì yẹn fi ń pò, á tún yọ́ shellac náà, omi ni kí o fi po dáì.

Tìẹ tó ti ṣẹlẹ̀ yìí, fi àkísà tó rin gbingbin nù ún, wàá fa díẹ̀ jáde níbi tó pọ̀ jù. Tí ò bá tó, bílíìṣì tí a fi ń fọṣọ máa ń pa ọ̀pọ̀ dáì rẹ́, wọ ìbọ̀wọ́, fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa lẹ́yìn ẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, kí o tún un bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni ṣá, mi ò ní da ara mi láàmú lórí ẹ̀yìn basswood. Igi yẹn ò ní ìlà kankan tó yẹ kéèyàn fi han ayé, fi dáì dúdú tàbí kọfí pa ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, kí maple iwájú máa dán lọ.

Ìbéèrè: Búlúù mi mú, ó rẹwà, mo yọ̀. Bí mo ṣe da òróró igi tí wọ́n ń pè ní boiled linseed oil lé e báyìí ló di àwọ̀ ewé! Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Linseed fúnra ẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò, yẹ́lò lórí búlúù sì nìyẹn, ewé náà ló máa jẹ́. Tó bá sì pẹ́, á tún pọ́n sí i, pàápàá tí gìtá bá ń gbé inú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Tung oil, òróró igi míì, ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ òun náà ní tiẹ̀. Tó bá jẹ́ àná lo pa á tí kò tíì gbẹ, fi white spirit nù ún léraléra, dáì olómi ò ní bá a jáde torí white spirit kì í yọ́ ọ. Tó bá ti gbẹ, kò sí ọgbọ́n míì ju kí o lọ̀ ọ́ kúrò lọ, lórí maple pẹlẹbẹ yẹn ẹ̀rù á bà mí láti ṣe é, mo lè kúkú fi dáì tó túbọ̀ dúdú yí etí ẹ̀ kí ewé yẹn rí bí ohun téèyàn fọkàn ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ búlúù tí á dúró ní búlúù, kó po àwọ̀ àlùkò díẹ̀ mọ́ dáì ẹ̀ kó tó pa á, torí àlùkò ló máa ń pa yẹ́lò. Tàbí kó fi òróró sílẹ̀ kó lo fáníìṣì polyurethane olómi, ìyẹn ò ní àwọ̀ rárá. Pupa, kọfí, àwọ̀ oyin, dúdú, gbogbo wọn ò níṣòro pẹ̀lú òróró, ó tiẹ̀ ń mú wọn jinlẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, inú ihò tí wáyà àti pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ìró okùn, máa bò mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ fún gbogbo yín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán dáì àti òróró wò pa pọ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ káàsán. Ọmọ mi ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méjèèjì la jọ ń tò ó. Ẹnì kan ní olive oil dáa fún igi, a fi pa á, ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyìí, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Mọ̀mí, ẹ káàsán mà, ẹ kú àtìlẹ́yìn ọmọ. Olive oil ò ní gbẹ láéláé, òróró ẹ̀pà ò ní gbẹ, epo pupa ò ní gbẹ, àgbọn náà bẹ́ẹ̀. Òróró tó wà fún igi, bíi linseed àti tung, kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń wọnú ẹ̀ tó fi ń dì tí á sì le, òróró tí a fi ń dáná ò lágbára yẹn. Ẹ fi àkísà àti white spirit nù ún, ẹ pààrọ̀ àkísà títí tí kò fi ní mú epo jáde mọ́, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi 320 lọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá ra boiled linseed oil. Ẹ má ra raw o, ìyẹn lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó gbẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní boiled yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọn ò sè rárá, èròjà kan ni wọ́n po mọ́ ọn tó ń jẹ́ kó tètè dì.

Tí ẹ bá ti pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo èyí tó bá kù lójú igi kúrò pátápátá, àfi bíi pé ẹ ò pa nǹkan kan sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé òróró àwọn ń lẹ̀, òróró gidi náà ni wọ́n lò, wọn ò kàn nù ún kúrò ni. Ẹ fún un ní wákàtí 24 kí ẹ tó tún òmíì pa, lásìkò òjò ẹ fi kún un. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ẹ́rẹ́ dáa ju méjì tó nípọn lọ. Tí ẹ bá sì rí Tru-Oil, tí wọ́n ṣe fún ìdí ìbọn, òun máa ń tètè gbẹ, ó sì ń dán ju linseed lọ.

Ìbéèrè: Àwọn àkísà tí mo fi nù ún yẹn, ṣé kí n ká wọn jọ fún ìgbà míì?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí òróró yẹn ṣe ń gba afẹ́fẹ́ tó fi ń dì, ooru ló ń jáde lára ẹ̀. Lójú igi, ooru yẹn á fò lọ, àmọ́ nínú àkísà tí ẹ ká jọ kò ríbi jáde, á máa pọ̀ sí i títí àkísà á fi gbiná fúnra ẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí sìgá. Ní oṣù kejì ọdún 1991, iná jó One Meridian Plaza, ilé alájà 38 kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àkísà olóròóró linseed tí àwọn tó ń tún pákó ibẹ̀ ṣe fi sílẹ̀ ní àjà 22 ló dá a sílẹ̀, panápaná mẹ́ta ló kú sínú ẹ̀. Ẹ ta àkísà yín síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó na tàntàn, títí á fi le gbagidi, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin tó ní ọmọrí. Kò gbọ́dọ̀ sun inú ilé, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá ìdọ̀tí. Danish oil, òróró igi míì, àti Tru-Oil náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbéèrè: Àbúrò, èmi ò ra kíìtì. Mo ní kí kápíńtà gé bọ́dì fún mi látara ọ̀gànwó, ọrùn àti wáyà nìkan ni mo rà. Ṣé òróró á bá a mu? Mo tún ní pákó afara nílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọgbọ́n, sà. Á bá a mu gan-an. Ọ̀gànwó ò nílò dáì tó bá jẹ́ tèmi ni, òróró nìkan á gbé pupa ara ẹ̀ jáde. Ihò ara ẹ̀ ló ń fẹ́ sùúrù, ó tóbi, tí ẹ bá kàn pa òróró lé e ojú ẹ̀ ò ní tẹ́jú. Ẹ da òróró sí i, kí ẹ mú sáńpépà 400 tí omi ò lè bà jẹ́, ẹ fi lọ̀ ọ́ nínú òróró yẹn títí tí á fi di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn ni kí ẹ tẹ̀ wọnú ihò, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kí ẹ nu ojú ẹ̀ ní ìdábùú kó má bàa jáde padà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ máa rí i pé gíláàsì ló fẹ́ jọ.

Afara yẹn, sà, ẹ má fi ṣe àga o. Igi yẹn náà ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní limba tàbí korina, irú ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ gìtá Gibson fi ṣe Flying V àti Explorer wọn lọ́dún 1958, owó tí wọ́n ń ta àwọn gìtá yẹn lónìí kì í ṣe kékeré. Ihò tiẹ̀ náà ń fẹ́ irú ẹrẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi irin wúùlù lọ̀ ọ́ láàárín òróró méjì?

Ìdáhùn: Tí pickup bá ti wà lára ẹ̀, má ṣe é. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú pickup, á fa gbogbo ẹ̀rún irin yẹn mọ́ra, wọn ò ní jáde mọ́. Lo kànìnkànìn aláwọ̀ eérú tí kò ní irin.

Ìbéèrè: Ọrùn ńkọ́, ìgbà wo ni mo sì lè so okùn?

Ìdáhùn: Fi òróró pa ẹ̀yìn ọrùn, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó, ọwọ́ á máa yọ̀ lórí ẹ̀ dáadáa. Tí fretboard, ìyẹn ojú ọrùn tí a ń tẹ okùn mọ́, bá jẹ́ igi rosewood, fi téèpù bò ó, má ta dáì sí i. Tó bá jẹ́ maple, òun náà nílò òróró kí òógùn má bàa sọ ọ́ di dúdú. Má pa nǹkan kan sínú ihò tí ọrùn ń wọ̀, igi ló yẹ kó kan igi níbẹ̀.

Okùn sì ni, dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn òróró ìkẹyìn, lásìkò òjò mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Gbé imú sún mọ́ ọn, tó bá ṣì ń rùn, kò tíì jinná nísàlẹ̀. Tó bá ti di pé kò rùn mọ́, kọ́kọ́ lu ihò tóóró fún gbogbo ṣúkúrù, fi ọṣẹ gbígbẹ ra ẹnu wọn kí wọ́n má bàa kán mọ́ inú igi, kí o wá de ọrùn mọ́ bọ́dì.