Ẹ Má Fi Àwọ̀ Mọ Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ọkàn

Bí Iléyá bá ti dé ní Ìlọrin, ọkàn àgbò kì í tètè wọ ìkòkò nílé mi. Mo máa ń bẹ alápatà ṣáájú pé kó má là á, kó má sì gé àwọn iṣan ńláńlá tó yọ sórí rẹ̀ dànù. Bí Iléyá bá jìnnà, mo máa ń lọ ra ọ̀kan ní ọjà Ìpàta. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, torí pé yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn àgbò bí ó ṣe wà nínú tiwa, ọ̀nà kan náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú méjèèjì. Ọdún ń gorí ọdún, àṣìṣe kan náà ni mo ń bá pàdé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú àwòrán ìwé ló ti wá, níbi tí wọ́n ti kun apá kan ní pupa, tí wọ́n sì kun ìkejì ní búlúù.

Ẹ má sọ fún ọmọ láé pé ẹ̀jẹ̀ búlúù wà nínú ara. Kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń pupa fòò. Èyí tó ti pín ọ́síjìn rẹ̀ fún ara máa ń ṣú, bíi zóbò tó ki. Ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí ní ọsibítù ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba awọ ara kọjá ló ń jẹ́ kí iṣan ọrùn ọwọ́ dà bíi búlúù lójú wa.

Àṣìṣe kejì ló ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ jù: "Artery ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, vein ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí." Ó dùn mí pé èdè wa ti tún èyí ṣe, a ò sì lò ó. Iṣọ̀n àlọ ni artery, iṣọ̀n àbọ̀ ni vein. Ẹni tó gbéra ní Ìlọrin tó forí lé Ọ̀fà, ì báà ru ẹrù, ì báà má ru nǹkan kan, àlọ ló wà. Ìgbà tó bá yíjú padà sílé, àbọ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkàn, iṣọ̀n àlọ ni, ohun tó bá ń gbé e padà wá, iṣọ̀n àbọ̀ ni. Ìdí nìyí tí iṣọ̀n àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ṣú, tí iṣọ̀n àbọ̀ mẹ́rin tó ti ibẹ̀ dé sì ń gbé èyí tó pupa fòò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe èyí tó ṣú ní ìdọ̀tí. Oúnjẹ tí ìfun wa fà sínú ara, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀tún àti òsì. Àwòrán inú ìwé dojú kọ yín bí ẹni tó dúró níwájú yín, nítorí náà apá ọ̀tún ọkàn wà lọ́wọ́ òsì ìwé. Mo máa ń ní kí ọmọ gbé ìwé náà lé àyà ara rẹ̀, kí àwòrán kọjú síta. Ọ̀rọ̀ pin.

Ẹ má jẹ́ kó há orúkọ sórí kó tó mọ ọ̀nà. Ìka la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti gbogbo ara bọ̀ ń wọ yàrá òkè ní ọ̀tún. Ó gba ìlẹ̀kùn elétí mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti ẹ̀dọ̀fóró padà sí yàrá òkè ní òsì, ó gba ìlẹ̀kùn elétí méjì sọ̀kalẹ̀, kó tó gba aorta, iṣọ̀n àlọ tó tóbi jù lọ, jáde sí gbogbo ara. Bí ọmọ bá ti ìka bọ yàrá ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún, ògiri rẹ̀ á rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ti ìka bọ ti òsì: ó le gírígírí bí iwe adìẹ, ó sì nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún. Ọ̀tún ń rán ẹ̀jẹ̀ sí ojúlé kejì lásán; òsì ń rán an dé orí àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ á ya ògiri méjèèjì dọ́gba. Wọ́n á tún fẹ́ fa àwọn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ já, wọ́n á ní ọ̀rá ni. Àwọn okùn yẹn ló di etí ìlẹ̀kùn mú kó má baà yí sódì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tì í.

Àwọn kan máa ń ya ọfà láti ọ̀tún tààrà sí òsì, bí ẹni pé ògiri àárín lu. Àṣìṣe àtayébáyé ni. Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì, kọ́ni pé ihò kéékèèké wà nínú ògiri náà, àwọn oníṣègùn sì gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ibn al-Nafis, ọmọ ilẹ̀ Síríà tó ṣiṣẹ́ ní Káírò, ló kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Lárúbáwá ní 1242 pé ògiri náà ki, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Odindi ìyípo ẹ̀jẹ̀ nínú ara, William Harvey ló wá là á yé aráyé ní 1628. Nílùú tí ilé-kéwú pọ̀ tó tiwa, ó yẹ kí gbogbo ọmọ mọ orúkọ Ibn al-Nafis. (Ọmọ inú oyún nìkan ni ọ̀nà wà láàrin yàrá òkè rẹ̀ méjèèjì, torí kò tíì máa mí, bí wọ́n bá ti bí i, ọ̀nà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí.)

Ẹ má sì sọ pé ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ tán kí òsì tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń fún pọ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan tó kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ohun tí dókítà ń gbọ́ nígbà tó bá fi ẹ̀rọ sáyà, ìró ìlẹ̀kùn tó ń tì ni.

Èyí tó kẹ́yìn kọjá ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ọ̀pọ̀ rò pé ọkàn ń mu nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sínú aorta láti òkè: àwọn ìlẹ̀kùn tó dà bí àpò á wú, wọ́n á sì dá omi náà dúró. Ẹ wá wo òkè wọn dáadáa, ẹ máa rí ihò kékeré méjì. Ibẹ̀ ni iṣọ̀n tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dí, ibi tó ń bọ́ nínú ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ kún inú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí pé wọ́n ti sọ fún wa pé apá òsì ni ọkàn wà, bí àárín àyà bá ń dun ènìyàn, à á ní gáàsì ni. Ẹ̀yìn egungun àyà, ní àárín, ni ọkàn wà. Ṣóńṣó rẹ̀ ló tẹ̀ sí òsì. Ìrora rẹ̀ lè dà bí ẹrù wúwo láàrin àyà, ó lè gba apá tàbí àgbọ̀n, òógùn tútù sì lè bò ènìyàn. Ẹ má fi omi gbígbóná àti oògùn inú kíkún pa àsìkò. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí yẹn gan-an, ì báà jẹ́ òru.